Wọ́n Mọ Ẹ̀jẹ̀ Àǹtí Télọ̀, Wọn Ò Mọ Ilé Rẹ̀

Àǹtí Télọ̀, ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ti kú. Ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ ló jókòó sí tí ọkàn rẹ̀ fi dáṣẹ́ dúró. Nígbà tí oníbàárà tó ń wo dígí yóò fi yíjú padà, ó ti dorí kodò sórí aṣọ tí kò tíì rán tán. Bẹ́ẹ̀ náà ni bàbá wọn ṣe lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni àbúrò wọn kan.

Wọ́n ní àmúwá Ọlọ́run ni. Mo gbà. Ta wá ni ó gba ẹ̀jẹ̀ wa lọ?

Kí Àǹtí tó kú, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ wá láti ilé ìwòsàn ńlá, wọ́n ní àwọn fẹ́ yẹ àbùdá gbogbo ẹbí wò, kí wọ́n lè mọ ohun tí à ń jogún tó ń pa wá. Àǹtí ló kó wa jọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tó wà níwájú ilé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ awakọ̀ ló kọ́kọ́ yarí.

"Ẹ̀jẹ̀ táṣẹ́rẹ́ tó kù sí mi lára yìí náà lẹ fẹ́ fà?"

"Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ jókòó jàre. Ẹ̀fọn ń mu jù bẹ́ẹ̀ lọ lára yín, ẹ ò bá a jà."

A bú sẹ́rìn-ín. Bọ̀ọ̀dá na apá. Àǹtí fúnra rẹ̀ ló di ọwọ́ àbígbẹ̀yìn rẹ̀ mú. "Fara dà á, ìyá mi. Torí tiyín la ṣe ń ṣe é."

Lẹ́yìn ìsìnkú ni mo rí àbájáde rẹ̀ nínú ìwé àwọn onímọ̀. Wọ́n ti rí i! Àbùdá kan ṣoṣo ló bàjẹ́, oògùn tó ń ran irú ọkàn bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ sì wà. Wọ́n ya ẹbí wa síbẹ̀: òbìrí roboto fún obìnrin, igun mẹ́rin fún ọkùnrin, dúdú fún ẹni tó ní àléébù náà, ìlà gbọọrọ lórí ẹni tó ti kú. Kò sórúkọ, ṣùgbọ́n ta ni yóò rí ìbejì lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọmọ ìyá kan, tí kò ní mọ̀ pé ilé òun ni? Òbìrí Àǹtí dúdú bí èédú. Kò sí ìlà lórí rẹ̀. Ó ṣì ń mí nígbà tí wọ́n mọ̀.

Mo pe ọ̀gá wọn.

"Ìwádìí la ṣe o, kì í ṣe ìtọ́jú. Nọ́ńbà la fi rọ́pò orúkọ yín, kí àṣírí yín má bàa tú."

Tú sí ta ni, ọ̀gá? Sí àwa tá a ni ín? Ẹsẹ̀ tó mọ ọ̀nà ilé wa nígbà tí ẹ ń wá ẹ̀jẹ̀, kí ló rọ ọ́ nígbà tí ẹ rí ìdáhùn?

Ìpele àwọn ọmọ ni wọ́n gé kúrò nísàlẹ̀ àwòrán náà, kó lè gbà sójú ìwé kan, a ò sì mọ èwo nínú wọn ló ní i. Àbígbẹ̀yìn Àǹtí fẹ́ràn eré sísá bí ẹní máa kú. Ẹ wo ohun tí ẹnu mi ń sọ! Bàbá rẹ̀ ti gbé bàtà eré rẹ̀ pamọ́. Bó bá ti dákẹ́ díẹ̀ nínú yàrá, ẹnìkan á pè é, kó ṣáà ti dáhùn.

"Dádì, mo wà ńbí o! Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ máa pè mí lónìí?"

Ẹ̀yin lẹ mọ nọ́ńbà tó jẹ́ ti ta ni. Ẹ padà wá sí ilé tí ẹ ti gba ẹ̀jẹ̀. Ẹ dárúkọ ẹni tó ní i àti ẹni tí kò ní i lójú wa, kí ẹ sì dárúkọ ẹni tó ní kí ẹ dákẹ́. Ọmọ yìí ń bi wá bóyá òun lè sáré. Ẹ wá dá a lóhùn.