Oògùn Inú Abọ́ Ìyá Rábí

Iṣẹ́ mi nílé ìwòsàn ni àlàyé. Nọ́ọ̀sì ni mí, Bouaké, ìlú kan nílẹ̀ àwọn tó ń sọ Faransé, ni wọ́n bí mi sí, ṣùgbọ́n Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá àti ìyá mi ti wá. Nígbà tí wọ́n fẹ́ dán oògùn ewé àwọn ará Ṣáínà wò lára àwọn tí kíndìnrín wọn ń dáṣẹ́ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń wá ẹni tó lè fi Faransé bá dókítà sọ̀rọ̀, kó fi Jùlá bá ará ọjà sọ̀rọ̀, kó sì fi Yorùbá bá àwa tí wọ́n ń pè ní Ànàgó sọ̀rọ̀. Èmi ni wọ́n mú. Inú mi dùn débi pé mo ra bàtà tuntun.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, àwọn ará wa kún orí bẹ́ǹṣì. Mo sọ fún wọn pé ìyẹ̀fun ewé ni, inú ọ̀rá pélébé ló wà, omi gbígbóná ni wọn ó máa pò ó mọ́. Oògùn tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀, wọn ò ní fi sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo dé ibi tó le. Mo ní àwọn kan máa gba oògùn gidi, àwọn kan máa gba plasébò. Plasébò ni ìyẹ̀fun tí àwọ̀ rẹ̀, òórùn rẹ̀ àti ìkorò rẹ̀ jọ ti oògùn, àmọ́ tí kò sí oògùn nínú rẹ̀. Kọ̀ǹpútà ló ń pín in. Aláìsàn ò mọ èyí tó gbà, dókítà ò mọ̀, èmi náà ò mọ̀. Tó bá yá, a ó yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ẹgbẹ́ méjèèjì wò, ká lè mọ̀ bóyá oògùn náà ṣiṣẹ́ tàbí ariwo lásán ni.

Ìyá Rábí, tó ń ta abọ́ àti ìkòkò ní àdúgbò Commerce, nawọ́ sókè. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú débi pé sálúbàtà ọkọ rẹ̀ tó ti kú ló ń wọ̀. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀. Ó ti rí àbúrò rẹ̀ lórí ẹ̀rọ náà, ó sì ń bẹ Ọlọ́run kí òun má dé ibẹ̀ títí Rábí, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, yóò fi jáde ní yunifásítì.

Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, nínú àwa tí a jókòó síbí, àwọn kan máa mu òfo?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

Mo sọ fún un pé ẹni tí kò bá gbà lè máa lọ, a ò ní bínú. Ó wo àwọn tó jókòó tì í, àwọn tí wọ́n jọ ń ṣe ìpàdé ọmọ ìlú lọ́jọ́ Ìsinmi. Lẹ́yìn náà ó tẹ̀ka, gbogbo wọn sì tẹ̀ka. Dókítà Lin, ará Ṣáínà tó jẹ́ olórí iṣẹ́ náà, sọ fún mi pé òun ò tíì rí ibi tí àlàyé ti yé aláìsàn tó báyìí. Mo rò pé oríire ni.

Nígbàkigbà tí wọ́n bá wá, wọ́n gbọ́dọ̀ kó òfìfo ọ̀rá padà. Àwọn aláìsàn tó ń wá láti Brobo a máa fi eyín ya tiwọn, tàwọn ará Béoumi a máa rùn bí ẹja. Tàwọn ará wa nìkan ló ń mọ́, wọ́n á ti fi sísọ́ọ̀sì gé orí rẹ̀ gbọọrọ. Mo máa ń fi wọ́n yangàn. Àwọn nọ́ọ̀sì Bàúlé, àwọn onílẹ̀, á ní Ànàgó ò ní ya ohun tó ṣì lè tà.

Nígbà tó yá, wíwú ẹsẹ̀ Ìyá Rábí wálẹ̀, ó wọ bàtà ara rẹ̀ wá. N ò lè sọ pé oògùn ni. Iyọ̀ tó dín kù lọ́bẹ̀ náà lè ṣe é.

Lọ́jọ́ kan mo yà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láti ra ìkòkò. Mo bá a tó ń fi ṣíbí bu ìyẹ̀fun láti inú abọ́ ńlá onídèérí sínú àwọn ọ̀rá kéékèèké. Mo béèrè ohun tó ń ṣe. Ó rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ti bá mi ṣe iṣẹ́ mi.

"A ti bá yín tún un ṣe. Níbi ìpàdé, gbogbo rẹ̀ là ń dà síbí, a ó rò ó pọ̀, a ó sì pín in. Kò sẹ́ni tó ń mu òfo mọ́."

Mo jókòó sórí páálí. Mo ṣàlàyé pé tí gbogbo wọn bá ń mu nǹkan kan náà, kò sí ẹgbẹ́ kan tí a lè fi wé èkejì. Ó gbọ́ mi délẹ̀.

Ó ní, "Ṣé kí n máa mu gidi, kí ọ̀rẹ́ mi máa mu òfo, kí n sì máa wò ó?"

Mo dìde láìra ìkòkò tí mo wá rà.

Mo sọ fún Dókítà Lin, torí tí a bá dákẹ́, irọ́ la ó fi ránṣẹ́ sí àwọn aláìsàn ìlú mìíràn. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún, ó ń nù ún. Kò bú ẹnikẹ́ni. Ó kàn sọ pé wọ́n ṣàánú ara wọn. Àwọn tó ń náwó sí iṣẹ́ náà ní kí a dá a dúró pátápátá ní Bouaké. Àwọn ará Brobo tí kò po nǹkan kan pọ̀ náà pàdánù tiwọn. Àgbẹ̀ kan bi mí pé kí ni òun ṣe, ojú sì tì mí láti wò ó.

Ẹsẹ̀ Ìyá Rábí tún wú. Ó dé orí ẹ̀rọ tó ń sá fún, kò sì pẹ́ lórí rẹ̀ tó fi kú. Rábí ò tíì jáde ní yunifásítì.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ọmọ náà gbé abọ́ onídèérí wá bá mi. Nígbà yẹn, wọ́n ti ṣí ẹni tó gba gidi àti ẹni tó gba òfo payá.

"Tantí, èwo ni wọ́n fún màmá mi?"

Ó wù mí kí n purọ́. Mo ní, "Gidi ni."

Ó ní, "Ṣé ó ti fi púpọ̀ nínú rẹ̀ tọrẹ nìyẹn?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Tó bá jẹ́ òun nìkan ló mu ún, ṣé ì bá ṣì wà?"

Mo ní n ò mọ̀. Mo ní ohun tí gbogbo wa ń wá láti mọ̀ gan-an nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó máa mọ̀ ọ́n níbí mọ́. Kò sunkún. Ó ti abọ́ náà sọ́dọ̀ mi, ó ní màmá òun ní kí wọ́n fi èyí tó kù fún ẹni tó bá ń ṣàìsàn.

Mo ṣí i. Ó kù dáadáa, òórùn ewé kíkorò sì gba inú yàrá. Òfin iṣẹ́ wa ni pé kí a sun ohun tó bá kù. Mo dúró kí Rábí lọ tán, mo gbé e lọ sẹ́yìn ilé ìwòsàn, mo dà á sínú iná. Títí di òní, n ò mọ ohun tí mo sun.