Í Tí Ìyá Mọ̀

Dókítà ni àdúgbò ń pè é, bẹ́ẹ̀ kò gún ẹnikẹ́ni lábẹ́rẹ́ rí. Kọ̀ǹpútà ló ń tún ṣe. Gbogbo oníbàárà tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ló máa ń bi ní ìbéèrè kan náà: "Ṣé ẹ ní ẹ̀dà iṣẹ́ yín síbòmíràn?" Bí wọ́n bá ní rárá, á mi orí bí ẹni pé wọ́n pààyàn. Ẹ má bi mí bóyá ó ṣe ẹ̀dà iṣẹ́ baba tirẹ̀.

Baba rẹ̀ ń ya òdòdó àti ọnà tí ẹ̀rọ máa ń rán sára aṣọ. Ọdún mọ́kànlélógún ló fi yà wọ́n sínú kọ̀ǹpútà ilé. Lọ́dún tó kọjá, ẹ̀gbà mú ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ àti ahọ́n rẹ̀. Ọwọ́ tí kò lè di síbí mú, ṣé òdòdó ni yóò yà? Ìyá ló wá ń tẹ ẹ̀rọ náà, àwọn ọnà tó ti wà nílẹ̀ ni wọ́n sì fi ń jẹun.

Díìsìkì méjì ló wà nínú kọ̀ǹpútà yìí. Ọ̀kan ló ń jí ẹ̀rọ dìde, èkejì ló gbé ọnà baba. Èyí àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ké bí ilẹ̀kùn tó fẹ́ epo, ni Dókítà bá wá lọ́jọ́ Àìkú, ó da gbogbo ohun inú rẹ̀ kọ sí díìsìkì tuntun. Ìgbìyànjú àkọ́kọ́ já láàárín ọ̀nà, ó fi àjẹkù sílẹ̀ sórí díìsìkì tuntun náà, èkejì yọrí. Ó palẹ̀ mọ́, ó lọ.

Ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ìyá pè é. "Ọmọ mi, ẹ̀rọ yìí lóun ò rí iṣẹ́ bàbá ẹ o."

Dókítà rẹ́rìn-ín. Lẹ́tà ni ẹ̀rọ fi ń mọ díìsìkì kọ̀ọ̀kan. E ni díìsìkì baba ń jẹ́ tipẹ́tipẹ́, àjẹkù ẹ̀dà tó já yẹn ló ti gba orúkọ mọ́ ọn lọ́wọ́. Dókítà mọ èyí láìwò. Ohun tí kò mọ̀ ni pé díìsìkì baba ti sún lọ sí I. Ká sòótọ́, kí wọ́n kàn pààrọ̀ lẹ́tà padà ti tó, ṣùgbọ́n ó kórìíra ìdọ̀tí, ó fẹ́ kí àjẹkù náà pa rẹ́ pátápátá.

"Màámi, ẹ ṣí ojú ewé àwọn díìsìkì tí mo fi hàn yín lọ́jọ́sí. Ẹ wá Í."

"Mo ti rí i."

"Ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ ka ìlà mẹ́ta sísàlẹ̀, ẹ tẹ ìyẹn náà. Ẹ jẹ́ kó nù ún tán o, ẹ má fọwọ́ kàn án."

Ẹyin lohùn, tó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Ìyá ò gbọ́ èdè òyìnbó. Dókítà fúnra rẹ̀ ló kọ́ ọ ní ìwé Yorùbá lórí tábìlì ilé ìdáná: a, bí, dí, é. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ ka orúkọ ara rẹ̀, ó sunkún ayọ̀.

Ní aago méjì ọ̀sán, ó tún pè. "Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ nù ún tán ni."

Dókítà wo aago. Àjẹkù bíńtín yẹn ò yẹ kó gba wákàtí márùn-ún. "Màámi, èwo lẹ pa rẹ́?"

"Í tó o ní kí n pa ni. Í, bíi ti ilé. É náà wà níbẹ̀, mi ò sún mọ́ ọn rárá."

Ìgbà náà ló yé Dókítà. Lẹ́tà E tí òyìnbó ń pè ní í, é ni Yorùbá ń pè é. Òun ló kọ́ ìyá bẹ́ẹ̀, ìyá ò sì gbàgbé.

Ó ti ṣọ́ọ̀bù, ó sáré lọ ilé. Gbogbo ọgbọ́n tó fi ń gba iṣẹ́ oníṣẹ́ là ló dá títí oòrùn fi ń wọ̀. Òfo ló ń bá. Baba jókòó tì í, ó ń wo ojú ẹ̀rọ.

"Ó... ó dà?" baba bi í.

Ìyá mú ìwé tó kọ àṣẹ ọmọ rẹ̀ sí wá: PA I RẸ́. Ó nà án sí i lójú.

"Ọmọ mi, ṣé mi ò kà á dáadáa ni?"

"Ẹ kà á dáadáa, Màámi."

"Ta ló wá ṣì í?"

Dókítà wo ọwọ́ ọ̀tún baba rẹ̀ tó sùn lórí itan.

"Èmi ni," ó ní.