Bí Mo Ṣe Ń Kọ́ Ìsinmi Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ẹ̀rọ Tó Ń Fọ Ẹ̀jẹ̀

Àgbẹ̀ kòkó ni mí ní Àpòmù, n kì í sì í lè jókòó. Tí mo bá ń jẹun, ẹsẹ̀ kan á ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tí kíndìnrín mi daṣẹ́ sílẹ̀, tí dókítà ní ẹ̀rọ ni yóò máa bá mi fọ ẹ̀jẹ̀, àìsàn náà kọ́ ló kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù. Ìjókòó ni.

Èmi àti ìyàwó mi la jọ ń wọ mọ́tò lọ sílé ìwòsàn ní Ìbàdàn. Wọn á ki abẹ́rẹ́ bọ̀ mí lápá, wọn á ní kí n má mira. Kò ní í pẹ́ tí á máa ṣe mí bí ẹni pé èèrà ń rìn nínú eegun ẹsẹ̀ mi. Lọ́jọ́ kan, ara mi ò gbà á mọ́, mo dìde. Ẹ̀rọ náà figbe bọnu, nọ́ọ̀sì sáré wá.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó! Ṣé ẹ fẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ yín dà sílẹ̀ ni?"

Ọmọ tí mo lè bí ni. Nígbà tó tún gbogbo rẹ̀ ṣe tán, ó fa àga jókòó tì mí. Ó ní kí n dijú, kí n fa èémí sínú, kí n tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí n fọkàn lọ síbi tí mo fẹ́ràn jù.

Mo gba oko mi lọ, lẹ́yìn Wásinmi. Igbó ti bo gbogbo ìdí kòkó. Mo ṣàdédé lajú.

"Kí lẹ rí, Bàbá?"

"Igbó. Ta ni yóò bá mi ro ó?"

Ìyàwó mi bú sẹ́rìn-ín. "Nọ́ọ̀sì, bá mi sọ fún wọn kí wọ́n lọ síbi tí kò ti síṣẹ́."

Mo wá ibẹ̀ títí. Ilé kọ́, òrùlé ń jò. Mọ́ṣáláṣí pàápàá, èmi ni mo ń pọn omi àlùwàlá. Ìkirè-Ilé ni mo padà sí, lọ́dọ̀ ìyá ìyá mi, nígbà tí n kò tíì tó ẹni tí wọ́n ń rán níṣẹ́. Òjò ń rọ̀ lórí páànù, mo sùn sórí ẹní. Mo fa èémí, mo tú u sílẹ̀. Nígbà tí mo lajú, wọ́n ti ń yọ abẹ́rẹ́.

Mo rò pé mo ti mọ̀ ọ́n ṣe nìyẹn. Nígbà tí a tún lọ, òjò kọ̀, kò rọ̀. Ìyàwó mi gbé àtẹ́lẹsẹ̀ mi lé itan, ó ń tẹ̀ ẹ́ títí ara mi fi balẹ̀ díẹ̀.

Báyìí là ń bá a bọ̀. Nígbà mìíràn, èémí nìkan á tó. Nígbà mìíràn, kò sí èyí tó máa ṣiṣẹ́, màá kàn máa bínú sí aago ara ògiri. Àmọ́ n ò dìde mọ́. Lọ́la a tún ń lọ. Láti àárọ̀ ni mo ti ń rìn káàkiri àgbàlá.