Màámi ló bá mi wo abẹ́ síǹkì

Lónìí, mo tún síǹkì mi ṣe tán, mo sì tún fọwọ́ ara mi bà á jẹ́.

Páìpù abẹ́ síǹkì balùwẹ̀ mi ní Madina, níbi tí mo wá kàwé sí, ló ń jò. Mo ra rọ́bà tuntun, mo fi sí i. Ó wá ku ẹni tí yóò máa wo ìsàlẹ̀ bí mo bá ṣí omi lókè. Èmi nìkan ni mo ń gbé.

Mo bá gbé fóònù sábẹ́ síǹkì, mo pe Màámi ní Ògbómọ̀ṣọ́ lórí fídíò.

"Àbẹ̀kẹ́, òyìnbó Madina! Ilé-ìwé òkè òkun yẹn ò kọ́ ọ ní èyí?"

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa wò ó. Ṣé ó ń jò?"

"Ó ń kán. Fún un le sí i."

Mo fi sípánà fún páìpù náà le sí i.

"Kò jò mọ́! O káre. Jẹ́ kí n lọ wo ọbẹ̀ mi."

Mo nawọ́ sábẹ́ síǹkì, mo rọra tú páìpù náà díẹ̀.

"Háà, ó tún ti ń jò o!"

"Ẹ má tíì lọ, Màámi."

Wọ́n kúrò lójú fóònù, wọ́n tún padà. "Mo ti pa iná ọbẹ̀. Máa fún un lọ, mo wà níbí."

Ẹ̀yin tó ń dá gbé, ẹ sọ òótọ́: ṣé èmi nìkan ni?