Àwọn Tó Dorí Kodò Lára Ògiri

Òórùn ìrẹsì Ọ̀fàdà tí wọ́n rẹ sómi ni mo jí bá láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi mọ òórùn ọ̀hún: ó ń rùn, síbẹ̀ ebi ló ń fi pa èèyàn. Éèyi ló ń ṣe mí. Nílé wa, inú òkùnkùn ni wọ́n ń fi ẹni tí éèyi bá mú sí, kí oòrùn má baà ba ojú rẹ̀ jẹ́. Wọ́n wá ti fèrèsé yàrá tá a ń kó ìrẹsì sí pa mọ́ mi. Ihò ìṣó kan ṣoṣo ló kù lára pákó rẹ̀.

Mo kọjú sógiri tí wọ́n fi ẹfun kùn. Háà! Àwọn èèyàn kéékèèké ń rìn níbẹ̀, orí nísàlẹ̀, ẹsẹ̀ lókè. Mo figbe ta. Màmá mi àti Ìyá Àgbà já wọlé, ìmọ́lẹ̀ bá wọn wọlé, àwọn èèyàn náà sì pòórá.

Nígbà tí mo sọ ohun tí mo rí, Màmá mi bú sẹ́kún. Òun ló máa ń sọ pé, "Ojú ni ìránṣẹ́ ara, ibi tá a bá rán an ló ń lọ." Ìyá Àgbà ní, "Ojú ọmọ yìí ti ṣìnà lọ́hùn-ún. Kò gbọdọ̀ padà sílé ìwé mọ́." Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé ni o, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ bí ojú.

Lọ́jọ́ kejì, mo bẹ Màmá pé, "Ẹ ti ilẹ̀kùn, kẹ́ ẹ jókòó tì mí." Nígbà tó yá, obìnrin kékeré kan yọ lára ògiri, ó dorí kodò, ó ń fi atẹ fẹ́ ìrẹsì.

"Yéè! Ìyá nìyẹn!" Màmá pariwo síta: "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ nawọ́ sókè!"

"Ṣé ìwọ náà ti kó o lára ọmọ rẹ ni?" Ìyá Àgbà ló dáhùn bẹ́ẹ̀ látìta, ṣùgbọ́n ó nawọ́. Lára ògiri, ọwọ́ náà nà wálẹ̀. Mo fi àtàǹpàkò dí ihò, Ìyá Àgbà pòórá; mo ká a kúrò, ó padà dé.

"Màmá, ojú mi ò lọ síbì kankan. Àwọn ló ń wọlé wá bá a."

Màmá gbé mi pọ̀n bí ọmọ ọwọ́, ó ń jó káàkiri àgbàlá. Ìyá Àgbà ní, "Ta ló yọ̀ǹda fún un kó dorí èmi kodò?" Bí mo ṣe padà sílé ìwé nìyẹn.

Ọmọ ọmọ mi tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì n'Íbogun sọ fún mi láìpẹ́ yìí pé àwọn ọlọ́gbọ́n ilẹ̀ Gíríìkì àti Róòmù àtijọ́ ja ìjà yìí. Àwọn kan ní iná ló ń tinú ojú jáde lọ fọwọ́ kan nǹkan. Àwọn mìíràn ní nǹkan ló ń bó awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà, tó ń fò wọnú ojú wa. Mo rẹ́rìn-ín títí. Ìyá Àgbà ti rí ẹgbẹ́ tirẹ̀, èmi náà ti rí tèmi. Ọmọ náà ní ìmọ́lẹ̀ ló ń wọlé, kì í ṣe awọ, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tèmi ò ṣìnà púpọ̀.

Ìwé mi ò jìnnà. Awò ojú ni mo fi ń ṣa òkúta kúrò nínú ìrẹsì báyìí. Ṣùgbọ́n n kì í jẹ́ kí wọ́n dí ihò fèrèsé mi ní Mowe. Bí mo bá dùbúlẹ̀ lọ́sàn-án, gbogbo àdúgbò ló wà lára ògiri. N kò rán ojú níṣẹ́ kankan. Àwọn ló ń wọlé wá kí mi.