Àǹtí Tọ́láṣe àti Orúkọ Tí Wọn Kì Í Pè

Ẹ má wo bí Àǹtí Tọ́láṣe ṣe kéré yẹn o. Obìnrin yẹn, iná ni! Ọmọ Ìsẹ́yìn ni, àmọ́ Cedar Hill, lókè òkun níbí, ló ń gbé, àràárọ̀ ló ń gba freeway wá sí ọ́fíìsì wa ní Farmers Branch. Iléeṣẹ́ tó ń wa irin nílẹ̀ ni wá, ṣùgbọ́n Australia la ti ń wà á, lórí ilẹ̀ àwọn Aborigine, àwọn onílẹ̀ gan-an. Iṣẹ́ Àǹtí ni pé kí àwọn ọmọ onílẹ̀ ríṣẹ́ níbẹ̀, kí àwọn tó ní iléeṣẹ́ tiwọn sì máa bá wa ṣòwò.

Bàbá kan wà níbẹ̀, iléeṣẹ́ ẹ̀ ló ń tún táyà àwọn ọkọ̀ ńlá wa ṣe. Èèyàn méjìdínlógún ló ń bá a ṣiṣẹ́, ẹbí kan náà ni gbogbo wọn. Bàbá yẹn kú nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan kí kọ́ńtíráàtì wọn parí. Jessica, ọmọ ẹ̀, fi fọ́ọ̀mù kọ́ńtíráàtì tuntun ránṣẹ́, àmọ́ kò kọ nǹkan kan síbi orúkọ iléeṣẹ́.

Ọ̀gá wa ní, "Kò sórúkọ, kò sí kọ́ńtíráàtì. Friday ló máa parí."

Àǹtí pe Jessica lórí fídíò láti kí i kú ọ̀fọ̀. Ó ṣe ohun tí gbogbo àwa ọmọ Yorùbá máa ṣe: ó pe orúkọ òkú, ó tún un pè, ó ń yìn ín, "Sùn un re o, akọni!"

Jessica bá pa fóònù. Ìgbà tó yá ló kọ̀wé: "Àǹtí, níbi tiwa, a kì í pe orúkọ ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kú. Orúkọ bàbá mi ni iléeṣẹ́ ń jẹ́, ìdí nìyẹn tí mi ò fi kọ ọ́. Ìyá mi wà nítòsí, wọ́n gbọ́ yín."

Àǹtí káwọ́ lérí. "Mo gbé! Ojú opó ni mo ti ń pariwo orúkọ ọkọ ẹ̀!"

Mo ní, "Ẹ ṣáà kọ sorry ránṣẹ́."

"Ta ni sorry inú fóònù tù nínú rí? Gbẹ́nu ẹ sọ́hùn-ún."

Lọ́jọ́ kejì, ó bẹ Jessica kó gbé fóònù fún ìyá ẹ̀. Ló bá kúnlẹ̀ sáàárín ọ́fíìsì, níwájú kámẹ́rà, gbogbo òyìnbó lanu. "Mà, ẹ jọ̀ọ́. Nílé tiwa, ẹni tí a ò bá pe orúkọ ẹ̀, a ti gbàgbé ẹ̀ nìyẹn. Mi ò mọ̀. Mo ṣẹ̀ yín."

Ìyá náà ní, "Dìde, kí orúnkún ẹ má bàjẹ́. Ṣáà má jẹ́ kí wọ́n gbaṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn ọmọ mi."

Àǹtí dìde, ó dorí kọ ọ́fíìsì ọ̀gá. Èmi náà tẹ̀ lé e, mi ò lè jẹ́ kí ìran yẹn kọjá mi.

"Nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ iléeṣẹ́ wọn pé nínú fọ́ọ̀mù. Ẹ fi nọ́ńbà yẹn rọ́pò orúkọ."

"Tọ́láṣe, kọ̀ǹpútà ò ní gbà."

"Ṣé kọ̀ǹpútà ló ń tún táyà ṣe?"

Ọ̀gá ò fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín sì bọ́ lẹ́nu ẹ̀. Friday, aago mẹ́rin ku díẹ̀, ó fọwọ́ sí i.

Monday, àwọn méjìdínlógún wọṣẹ́. Àǹtí jókòó ti fáìlì, ó ń yọ orúkọ bàbá náà kúrò níbi gbogbo tí ojú wọn ti lè bá a pàdé. Ẹnì kankan ò rán an. Mo fa àga mi sún mọ́ ọn, mo bá a ṣe ìdajì.