Atalẹ̀ Tí Bùsáyọ̀ Gbìn

Ike ọ̀dà mẹ́fà ló wà lẹ́yìn ilé náà ní Àgídìngbì, wọ́n tò wọ́n ti ògiri ọgbà níbi tí oòrùn kì í ti í pa wọ́n jù. Olúwabùsáyọ̀ ló kó wọn wá láti ilé iṣẹ́ ọ̀dà tó ti ń ṣiṣẹ́ ní Oregun. Ó fi ìṣó gbígbóná lu ihò sí ìdí wọn. Òun àti Sùlíyá, aládùúgbò wọn tí ọkọ rẹ̀ ń pa màlúù ní Oko Ọba, po ìgbẹ́ màlúù tó ti pẹ́ nílẹ̀ mọ́ erùpẹ̀, wọ́n sì ri atalẹ̀ tó ti yọ ojú mọ́ inú rẹ̀. Catherine, ìyá Bùsáyọ̀, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, jókòó sórí àpótí, ó ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́: "Èmi ọmọ Èkìtì, ọmọ mi wá ń dáko sínú ike." Bùsáyọ̀ ní kí ìyá òun ṣe sùúrù, pé bí ọyẹ́ bá dé, ìyá òun ni yóò kọ́kọ́ fi í mu tíì.

Bùsáyọ̀ kò rí ọyẹ́ náà. Ibà ló mú un nígbà òjò, wọ́n ń lo oògùn sí i bí ibà lásán, nígbà tí wọn yóò fi gbé e dé ọsibítù, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ọmọ kan ṣoṣo tí Catherine bí nìyẹn.

Àwọn tó wá kí i ń sọ pé omi ló dànù, agbè ò fọ́. Ọ̀rọ̀ ìtùnú ni, àwọn àgbà ló ni ín, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ sọ ọ́ ì bá kọ́kọ́ wo irun orí ẹni tó ń sọ ọ́ fún. Opó tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, omi wo ni agbè rẹ̀ tún fẹ́ pọn? Àwọn tó ti ń pè é ní Ìyá Bùsáyọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ pa orúkọ náà tì, wọ́n ń pè é ní Mọ́mì. Inú rere ni wọ́n fi ṣe é, ó sì dùn ún wọra.

Wọn kò jẹ́ kó dé ibi ìsìnkú. Òbí kì í rí sàréè ọmọ rẹ̀. Ìjọ ló sin Bùsáyọ̀ tàdúràtàdúrà, síbẹ̀ àṣà yìí kò yẹ̀. Olúwarótìmí, àbúrò Catherine, ló ṣáájú àwọn tó lọ. Nígbà tó padà dé, Catherine bi í léèrè ibi tí wọ́n gbé e sí. Rótìmí dojú bolẹ̀.

"Àǹtí, ẹ má bi mí. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé a kì í sọ ọ́."

Ó mọ̀. Òun náà ti jókòó ti àwọn ìyá mìíràn rí, tó ní kí wọ́n má jáde.

Bó ṣe di pé ike mẹ́fà yẹn ló kù fún un nìyẹn. Láràárọ̀ ló ń lọ síbẹ̀, á fa koríko, á bomi rin ín, á máa bá a sọ̀rọ̀. Erùpẹ̀ tó wà lórí atalẹ̀ náà, ọwọ́ Bùsáyọ̀ ló kó o lé e. Ìdí nìyẹn tí kò fi jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Ohun kan ṣoṣo ló kù tó ń bẹ Ọlọ́run fún: kí èyí má kú mọ́ òun lọ́wọ́.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, ewé atalẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, ó ń dùbúlẹ̀. Catherine rò pé òùngbẹ ni, ó bomi sí i láàárọ̀, ó tún bomi sí i nírọ̀lẹ́. Bó ṣe ń bomi tó, bẹ́ẹ̀ ni ewé ń gbẹ sí i.

Sùlíyá rí i, ó kúnlẹ̀ kí i. "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bomi sí i mọ́. Kò kú o, ó ti gbó ni. Bùsáyọ̀ fúnra ẹ̀ ló sọ fún mi pé tí ewé ẹ̀ bá ti gbẹ báyìí, ká hú u."

"Sùlíyá, wọ́n ti gbé ọmọ mi lọ síbi tí mi ò mọ̀. Kò sẹ́ni tó máa hú ohun tó fọwọ́ ara ẹ̀ rì mọ́lẹ̀."

Sùlíyá bá tirẹ̀ lọ, Catherine ń bomi lọ.

Òórùn ló tú u fó. Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, ó bẹ̀rẹ̀ láti fa koríko, òórùn burúkú sì gbá a nímú. Ó dorí ike àkọ́kọ́ kodò. Atalẹ̀ náà ti ta lóòótọ́, ó kún inú ike bámú, ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ ti rà. Bó ṣe ń fọwọ́ kàn án ló ń fọ́ sí i lọ́wọ́. Ó da ìkejì, ó da ìkẹta, títí ó fi da gbogbo rẹ̀. Kò sí èyí tó ṣeé gbìn padà nínú wọn. Omi tó fi ń wá ẹ̀mí fún un ló pa á. Catherine ń sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Bùsáyọ̀, má bínú. Mi ò mọ̀ ni."

Sùlíyá mú garawa wá láti kó o dà sí bọ́là. Catherine gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fọ èyí tó ṣì dúró díẹ̀ nínú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ká wọn sínú ìborùn rẹ̀ funfun, ó sì fi ṣọ́bìrì gbẹ́lẹ̀ ní igun ọgbà. Ó gbẹ́ ẹ jìn ju bó ṣe yẹ lọ. Sùlíyá fẹ́ gba ṣọ́bìrì, kò fún un. Ó gbé ìborùn náà sínú ihò, ó fọwọ́ kó erùpẹ̀ lé e, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ kó dọ́gba.

Sùlíyá ló pe Rótìmí lórí fóònù. Nígbà tó dé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣì jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, ẹrẹ̀ ti ba aṣọ rẹ̀ jẹ́, omijé ń dà lójú rẹ̀ wọ̀ọ̀. Rótìmí bẹ̀rẹ̀, ó di apá rẹ̀ mú.

"Àǹtí, ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká wọlé."

"Fi mí sílẹ̀, Rótìmí," Catherine ní. "Èyí, mo mọ ibi tó wà."